Ọkọ̀ Tí Bàálù Ń Balẹ̀ Lé

Nígbà tí onílé wa kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo jẹ ìrẹsì wọn, mo sì ní kí wọ́n bù sí i. Àwọn tó mọ ohun tó wà láàárín wa wò mí tìyanu-tìyanu, ọ̀kan nínú wọn sì sọ ọ́ sí mi létí pé inú òun dùn pé mo ti dárí jì í. Mo ń jẹ ẹran mi lọ. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o, nítorí náà èmi ni kí n ròyìn rẹ̀.

Mọ́kọ́lá là ń gbé, ní ilé onílé kan tó ń ta páànù àti ìṣó ní Dùgbẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ló wà ní yàrá iwájú, àwa ayálégbé sì wà lẹ́yìn. Alàgbà ni ní ìjọ aládùúrà tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Tó bá wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, tó ń rìn láìwọ bàtà lórí yẹ̀pẹ̀ gbígbóná, wàá rò pé áńgẹ́lì ló ṣìnà wọ àdúgbò. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ láti ibẹ̀ títí dé Sábó. Bó bá sọ pé ẹnì kan dára, ẹni náà dára nìyẹn. Bó bá sì gbọn orí sí ẹnì kan, ẹni náà gbé.

Bàbá mi ń tún sítóòfù ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkun ló ti bọ̀. Ó ti wọkọ̀ kúrò ní Èkó kí ogun ńlá àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ìrìn, ogun sì ká a mọ́ orí omi. Nígbà tó padà dé, ìyá mi ti kú, mo sì ti di ọmọ tí kò mọ ojú rẹ̀ mọ́. Kò mú ọrọ̀ kankan bọ̀. Ohun tó mú bọ̀ ni ikọ́ kan tí kò lọ, aṣọ òtútù kan tí kò wúlò ní Ìbàdàn, àti ìtàn ọkọ̀ náà.

Ó ní ọkọ̀ ogun ni. Ó ní kò rí bí ọkọ̀ yòókù tí wọ́n kọ́lé sí láàárín. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ilé kékeré kan péré ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ ń wà. Bàálù á sáré lórí rẹ̀, á gbéra níwájú, á fò lọ síbi tó ń lọ, á sì padà wá balẹ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n na okùn irin dábùú ilẹ̀ ọkọ̀, ìkọ́ sì wà nídìí bàálù. Bí ìkọ́ bá há okùn, bàálù dúró. Bí kò bá há a, Ọlọ́run ló mọ ibi tí ó ń lọ. Ó ní ilẹ̀ apá kan máa ń rì wálẹ̀ tòun ti bàálù lórí, bàálù á wọ inú ikùn ọkọ̀ lọ sùn, ilẹ̀ á sì tún gòkè padà. Kò sọ pé òun wa bàálù o. Ìsàlẹ̀ pátápátá lòun wà, nídìí ẹ̀rọ, níbi tí ooru ti ń bó èèyàn láwọ. Ìgbà tí wọ́n bá jẹ́ kí wọ́n gòkè wá gba atẹ́gùn ló ń rí gbogbo rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò fẹ́ràn ìtàn yẹn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ lọ́rì, kápẹ́ńtà, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn á pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n á ní kó fi ọwọ́ ṣe bí bàálù ṣe ń balẹ̀. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ò gbà á gbọ́, àwọn tí kò gbà á gbọ́ ló tilẹ̀ ń tètè dé jù. Kò sí ìjà nínú rẹ̀. Ibi tí ìjà ti wọ̀ ọ́ ni pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ń ṣófo. Onílé wa ti máa ń jókòó níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, tí àwọn èèyàn ń wá gbọ́ àlá tó lá àti ìran tó rí. Ní báyìí, òun àti àga rẹ̀ nìkan ló kù. Mo rí i bó ṣe ń yọjú láti kọ̀rọ̀ wò wá, tí á tún padà sẹ́yìn bí alángbá.

Mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nígbà náà. Tíṣà kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òkè-Àdó, fẹ́ fẹ́ mi. Èmi náà fẹ́ ẹ. Mi ò ní fi bò pé mo fẹ́ ẹ gan-an. Ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé, á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ara igi máńgòrò, á wá máa gbọ́ ìtàn ọkọ̀ lẹ́nu bàbá mi, á sì máa bi í ní ìbéèrè bí ọmọ iléèwé. Ó wú bàbá mi lórí.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí ìdílé tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wèrè wà nínú ìran yẹn, tàbí ẹ̀tẹ̀, tàbí olè. Ẹni tó ń wádìí kì í sì kọ́kọ́ wá bá bàbá ìyàwó, torí kò sẹ́ni tó ń pe ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní kíkan. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n ń lọ. Bàbá àgbà kan àti ìyá àgbà kan nínú ẹbí tíṣà ló wá láti Iléṣà. Ta ni wọ́n sì máa bi bí kò ṣe onílé, àgbàlagbà, ẹni ìjọ, aláṣọ funfun?

Mo ń fọ aṣọ lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Mi ò lọ síbẹ̀ láti gbọ́ nǹkan kan, ibẹ̀ ni omi wà.

Ó ní, "Ọmọ yẹn ò ní wàhálà. Ó mọ́ra, ó ń kí èèyàn. Bàbá ẹ̀ ló bà wá nínú jẹ́. Onírọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ kékeré o. Ó ní òun ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tí bàálù ń balẹ̀ lé lórí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bàálù, lórí omi. Ẹni tó bá lè pa irú irọ́ yẹn láìrẹ́rìn-ín, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ tí bàbá àgbà náà ní àwọn á fẹ́ gbọ́ tẹnu onítọ̀hún kí àwọn tó lọ. Èèyàn gidi ni bàbá yẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi, ó wá, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú. Èmi náà tẹ̀ lé e wọlé, mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá àgbà ní, "A gbọ́ pé ẹ máa ń dá àwọn ọmọ lára yá. A gbọ́ ti ọkọ̀ kan. Ṣé àpárá lẹ fi ń dá?"

Ìlẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un yẹn. Kó ṣáà rẹ́rìn-ín ni, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, àpárá ni, ká lè kí wọn pé ó dàbọ̀. Mo wò ó. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Onílé wa náà ń wò ó, ó ká ọwọ́ lé ikùn.

Bàbá mi ní, "Kì í ṣe àpárá, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n dìde. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí tíṣà wá, kò gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi, ó dì í mú lọ́wọ́ títí tó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní àwọn ará ilé òun ní àwọn ò lè fi ọmọ àwọn sínú ìran onírọ́. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n. Mo bi í pé òun náà ńkọ́, ṣé òun gbà pé irọ́ ni. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòun. Mo ní kó máa lọ. Ó lọ.

Àwọn tó tún wá lẹ́yìn rẹ̀, onílé wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ bá pàdé, ìtàn náà á sì ti dé etí wọn kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀rọ̀ lẹyin, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sì sẹ́ni tó ń fi ẹyin fífọ́ tọrọ ìyàwó.

Bàbá mi kò bá onílé jà. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Dùgbẹ̀, ó lọ sí Èkó. Ó ní ẹnì kan tí àwọn jọ wà nínú ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú omi. Òun á bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé òun wá Ìbàdàn, tàbí kó sọ ibi tí ọkọ̀ wà, kí ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí i lè lọ fi ojú rí i. Ọjọ́ tó padà dé, mo rí i láti ọ̀nà jíjìn pé òun nìkan ló ń bọ̀. Ó jókòó, ó mu omi. Ó ní ọkọ̀ ti kú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kò lè rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní nígbà tí ogun parí, ìjọba òyìnbó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ súà, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Wọ́n kó bàálù kúrò. Wọ́n yọ ìbọn. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọkọ̀ máa lọ sílé wọn. Wọ́n dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ èbúté kan, ó ń dógùn-ún nínú òjò. Nígbà tó pẹ́, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n yọ́ irin rẹ̀, wọ́n fi ṣe nǹkan mìíràn. Ó ní wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ níbẹ̀ pé bíléèdì ìfárùngbọ̀n ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Àwọn mìíràn ò kú irú ikú yẹn. Wọ́n fá orí wọn, wọ́n ṣí ilẹ̀ tí bàálù ń balẹ̀ lé kúrò, wọ́n kọ́ ilé sí i láàárín, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun rí ọ̀kan tó wá kó kòkó ní Èkó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ò lè dá a mọ̀.

Mo ní kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ò gbọ́. Ó rò pé bí òtítọ́ bá ti pé, á dúró fúnra rẹ̀. Ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Onílé wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Ọkọ̀ tó tóbi tó Mọ́kọ́lá, wọ́n ti gé e. Ìyókù ń kó kòkó. Ṣé ẹ rí i pé irọ́ náà gbọ́n? Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ rí i, ó ti di bíléèdì." Ó bá na àgbọ̀n rẹ̀ síwájú, ó ní, "Bóyá òun ni mo fi fá irùngbọ̀n mi láàárọ̀ yìí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, kápẹ́ńtà náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń pe bàbá mi ní Bàbá Bíléèdì.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bàbá mi gbẹ́nu dákẹ́. Kò sọ ìtàn mọ́. Bí wọ́n bá ní kó fi ọwọ́ ṣe bí bàálù ṣe ń balẹ̀, á ní ọwọ́ ń dun òun. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ọjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ fún un, tó bi mí pé, ṣé òun ti sọ fún mi rí pé ilẹ̀ ọkọ̀ náà máa ń rì wálẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa. Mo ń rò ó pé bóyá àlá ni mo lá." Wọ́n ti fẹ́ gba ohun tó fi ojú rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìkórìíra tí mo ní sí onílé wa di egungun nínú mi. Títí di ìgbà yẹn, nítorí ọkọ tó bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo ṣe ń bínú. Láti ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ da orúkọ bàbá mi padà fún un, kó sì dùn ún bó ṣe ń dà á padà.

Mọ́tò sinimá ìjọba máa ń wá sí pápá tó wà nítòsí wa. Wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á fi ìtọ́jú ọmọ hàn wá, wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń pa yànmùyánmú hàn wá, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìròyìn ayé kún un. Gbogbo àdúgbò ló máa ń jáde. Onílé wa máa ń gbé àga rẹ̀ sí iwájú, ọmọ rẹ̀ obìnrin á jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti ń dirun fún ọmọ náà láti kékeré, àǹtí ló ń pè mí.

Ọjọ́ kan, ìròyìn ayé bẹ̀rẹ̀, òkun ló kọ́kọ́ jáde. Ọkọ̀ kan wà lórí rẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàálù kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń mì lọ́tùn-ún lósì, ó balẹ̀ sórí ọkọ̀, okùn sì gbá a mú nídìí. Pápá náà pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọkọ̀ kan náà hàn lẹ́yìn ogun. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké mẹ́ta ń wọ́ ọ lọ bí ìgbà tí èèrà ń wọ́ tata. Kò sí bàálù lórí rẹ̀ mọ́, kò sí èèyàn, ó ti pupa fún ìpẹtà. Wọ́n wá fi àwọn ọkùnrin hàn tí wọ́n bo ojú, tí wọ́n fi iná ń gé irin. Apá kan ya lára ọkọ̀, ó wó lulẹ̀. A rí ikùn rẹ̀ nínú.

Bàbá mi ti dìde. Kò mọ̀ pé òun dìde. Ó ń na ìka, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "Ibẹ̀ ni bàálù ń sùn. Ìsàlẹ̀ yẹn ni ibi ẹ̀rọ. Ibẹ̀ la wà. Ẹ wò ó, wọ́n ti dé ibi ẹ̀rọ." Ó ń sunkún. Ọkọ̀ ló ń sunkún fún. Èmi ò wo ọkọ̀. Ẹ̀yìn orí onílé wa ni mò ń wò. Inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún lẹ́yìn ààwẹ̀.

Kápẹ́ńtà ló kọ́kọ́ pariwo pé ọkọ̀ bàbá nìyí. Gbogbo èèyàn yí ojú sí wa, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan bi í pé ṣé òun gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá mi ṣe. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ó nu ojú, ó ní, "Rárá. Kì í ṣe tèmi. Tèmi kúrú jù ú lọ díẹ̀. Irú kan náà ni."

Onílé wa yí padà lórí àga. Ó ní, "Ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní kì í ṣe tòun. Kí ni mo ti ń sọ látijọ́?" Ó ní kí ọmọ òun gbé àga, ó sì lọ sílé.

Àdúgbò gba bàbá mi gbọ́ láti ìgbà náà. Wọn ò pè é ní Bàbá Bíléèdì mọ́. Ṣùgbọ́n kí ni àdúgbò lè ṣe? Iléṣà kò sí ní Mọ́kọ́lá. Mo lọ bá onílé wa, mo kúnlẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àwọn Ìjẹ̀ṣà wọ̀nyẹn, kó ní òun ṣì í sọ. Tíṣà ò tíì gbéyàwó nígbà náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní alàgbà kì í rìnrìn àjò lọ kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ pé tíṣà ti fẹ́ ìyàwó ní ìlú wọn. Mo dìde kúrò lórí eékún mi nínú ọkàn, mi ò sì tún kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn mọ́.

Ọdún ń yí lu ọdún. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ ní Bódìjà, páànù ń tà wàràwàrà, onílé wa ń sanra. Èmi ní ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù bàbá mi. Mi ò tíì lọ́kọ. Ọmọbìnrin onílé ti dàgbà, ó rẹwà, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọ agbẹjọ́rò kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, fẹ́ fẹ́ ẹ. Inú àdúgbò dùn. Ọmọ náà fi aṣọ tó fẹ́ rán hàn mí, ó ní kò sẹ́ni tó máa rán an bí kò ṣe èmi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá kan àti ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí dúró níwájú ẹ̀rọ mi. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé nínú ilé yìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ béèrè nípa ìdílé onílé mi.

Mo ti ń dúró de ọjọ́ yẹn láìmọ̀ pé òun ni mò ń dúró dè. Mi ò dá ẹ̀rọ dúró. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ béèrè níbòmíràn."

Wọ́n wo ara wọn. Nínú ìwádìí, kò sí èébú tó burú tó yẹn. Ẹni tó bá bú onítọ̀hún, wọ́n lè ní ọ̀tá rẹ̀ ni. Ẹni tó ní kí wọ́n lọ béèrè níbòmíràn ti rí ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, onílé wa ló wá bá mi fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn àlejò náà ti dé etí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Mo ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n, sà."

Ó ní kí ni mo fẹ́. Mo sọ fún un. Mo ní kó pe àwọn àlejò rẹ̀ padà, kó jókòó níwájú bàbá mi, kó sọ ohun tó sọ fún àwọn Ìjẹ̀ṣà, kó sọ ìdí tó fi sọ ọ́, kó sì sọ ohun tó rí ní sinimá. Bó bá ti sọ ọ́ tán, èmi náà á sọ gbogbo rere tí mo mọ̀ nípa ọmọ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé nǹkan tí mo béèrè kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Kò ronú nípa àwọn tó máa jókòó gbọ́ ọ. Èmi ti rò ó láti alẹ́ àná.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni, lẹ́yìn ìsìn. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀ wá. Bàbá mi jókòó, kò mọ ìdí tí wọ́n fi pe òun. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ méjèèjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyá náà gbé ìborùn rẹ̀ lé itan. Onílé wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi. Ó ní òun bà á lórúkọ jẹ́. Ó ní ọkọ̀ tí bàálù ń balẹ̀ lé wà, òun fi ojú òun rí i, bàbá yìí ò purọ́ rí. Ó ní nítorí ọ̀rọ̀ tí òun sọ ni ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe bàjẹ́.

Bàbá mi ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde. Ọkọ̀ náà ò kúkú sí mọ́."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ku ìdí rẹ̀."

Onílé wa sọ ọ́ sí ilẹ̀. Mo ní mi ò gbọ́. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Ìlara ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń lọ."

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ bi í jẹ́jẹ́ pé, lẹ́yìn tó rí sinimá yẹn, ṣé ó lọ bá àwọn tó purọ́ fún? Onílé wa ní rárá. Bàbá náà nawọ́ sí mi, ó ní ṣé ọmọ yìí bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan kan.

Mo ṣe ohun tí mo ní màá ṣe. Mo ní ọmọ náà mọ́ra, ó lójú àánú, mi ò rí i kó purọ́ rí láti kékeré. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n mi orí sí mi bí èèyàn ṣe ń mi orí sí ẹni tó ń polówó ọjà tí wọn ò rà. Ìyá náà kó ìborùn rẹ̀ sí èjìká. Ó ní, "A dúpẹ́, bàbá. A ti gbọ́." Onílé wa sìn wọ́n dé ojú títì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ òun ló wú wọn lórí. Wọn ò tún padà wá. Ẹni tó wá jíṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà kò jókòó, kò sì mu omi. Ó ní ìdílé náà ní kí ọmọ máa bá tirẹ̀ lọ, àwọn ò lè fẹ́ ọmọ ẹni tó ń fi ẹnu ba ilé onílé jẹ́.

Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní sọ pé kò dùn mọ́ mi. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, àní kó tọ̀ ọ́ dé inú yàrá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, à ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà láti iwájú. Bàbá mi fi sítóòfù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi.

Ó ní, "O mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn."

Mo ní, "Mo mọ̀, Bàbá."

"Ta lọmọ yẹn ṣẹ̀?"

Mo gbé ojú sókè wò ó. Mo ní, "Èmi ńkọ́, Bàbá? Ta ni mo ṣẹ̀?"

Ó padà sídìí sítóòfù rẹ̀, èmi náà fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ mi, mo sì ń rán aṣọ lọ títí mi ò fi gbọ́ ẹkún náà mọ́.